Láti Òkúta Tọ́ọ̀ṣì dé Bátìrì Lithium: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fún Pátákó Kọ̀ǹpútà Kékeré Ní Iná Láìséwu

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn bátìrì láti ọdún 1800, ó sì fi í wé ìtàn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí a rí dì mú ni pé ìtàn méjèèjì gba ọ̀nà òdìkejì: fóltéèjì ẹyọ bátìrì kan ń lọ sókè, èyí tí pátákó lè gbà ń wálẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ewu wà. A fi hàn pé òfin ààbò kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ ń kà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn lẹ́yìn, àti pé ìmọ̀ ìtàn náà ni olùkọ́ yóò fi dá ẹjọ́ bátìrì tí ìwé ìtọ́sọ́nà kò dárúkọ.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tó ń bá pátákó kọ̀ǹpútà kékeré wá ló ń ṣe bí ọmọdé inú òwe yìí. Wọ́n sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, wọn kò sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí tó fi di òfin.

Pátákó kọ̀ǹpútà kékeré ni pátákó pẹlẹbẹ kan, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a to ṣíìpù, ihò wáyà àti àwọn iná wínníwínní sí. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà ńlá, a fi wáyà USB gbé e sínú pátákó náà, pátákó a sì mú àṣẹ ṣẹ: ó lè tan iná, ó lè wọn ooru inú yàrá, ó lè yí ẹ̀rọ kékeré. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà USB bá ṣì wà lára rẹ̀, ìṣòro kò pọ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà ńlá ló ń fún un ní fóltì 5 tó dúró sójú kan. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì ni ọ̀rọ̀ bátìrì délẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ohun tó sún mọ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù ni bátìrì fóònù tó ti gbó, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà kò gbèrò rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kàn sọ pé "má lò ó" láìsọ ìdí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò ó nílé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wo ẹ̀yìn wò nínú iṣẹ́ yìí. Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, fóltéèjì ni a ó máa pe agbára tí bátìrì fi ń ti iná mànàmáná jáde. Kọ́rẹ́ǹtì ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Orí bátìrì ni ẹ̀gbẹ́ tó ní ààmì àròpọ̀, ìdí rẹ̀ sì ni ẹ̀gbẹ́ tó ní ààmì àyọkúrò.

2. Láti Ọdún 1800 dé Òkúta Tọ́ọ̀ṣì

Ìtàn bátìrì kò ṣeé sọ láìdárúkọ ọmọ ilẹ̀ Ítálì méjì. Luigi Galvani, tó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú Bologna, rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú máa ń mira nígbà tí irin oríṣi méjì bá kàn án. Ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1791. Ó gbà pé inú ẹran náà ni iná mànàmáná ti wá. Alessandro Volta kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, irin oríṣi méjì náà ló fa iná, ẹran wulẹ̀ jẹ́ ohun tútù tó wà láàárín wọn ni. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ó to àwo pẹlẹbẹ fàdákà àti ti sínkì lé ara wọn, ó sì fi ohun tó rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn. Iná ṣàn láìsí ẹran kankan níbẹ̀. Ní 20 oṣù Kẹta 1800, ó kọ lẹ́tà nípa iṣẹ́ náà sí Joseph Banks, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ Royal Society ní London.

Ẹ̀kọ́ méjì ni àkójọ àwo Volta fi lélẹ̀, a kò sì tíì kúrò lórí wọn. Èkíní, èròjà tí a fi ṣe bátìrì ló ń pinnu fóltéèjì rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó. Ìdí nìyí tí òkúta tọ́ọ̀ṣì ńlá àti èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ fi jọ ń fúnni ní fóltì 1.5, èyí tó tóbi wulẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó tán ni. Èkejì, bí a bá to bátìrì tẹ̀lé ara wọn, tí orí ọ̀kan kan ìdí èkejì, fóltéèjì wọn yóò ròpọ̀.

Ní 1859, Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi òjé àti ásíìdì ṣe bátìrì tó ṣeé gba agbára padà, èyí tí irú rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ títí di òní. Fóltì 2 ni ẹyọ rẹ̀ kan, mẹ́fà ló sì wà nínú bátìrì ọkọ̀ tí a ń pè ní 12. Ní 1866, Georges Leclanché, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo sínkì, kábọ́ọ̀nù àti manganese dioxide nínú ìgò omi oníyọ̀. Omi yìí ni ìṣòro rẹ̀, nítorí pé ó lè dànù. Ní 1886, Carl Gassner ní ilẹ̀ Jámánì sọ omi náà di ohun tó kì bí ẹ̀kọ, ó sì fi sínkì gan-an ṣe agolo tó gbà á. Bí bátìrì gbígbẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ni àwọn àgbà wa ń pè ní òkúta tọ́ọ̀ṣì tàbí òkúta rédíò. Alkaline tí Lewis Urry, ọmọ Kánádà, ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1950 pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n fóltì 1.5 náà ni.

Òkúta tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ìwà kan tó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ewu láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀: ìdènà inú rẹ̀ pọ̀. Bí ọmọdé bá fi wáyà so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, wáyà lè gbóná, ṣùgbọ́n bátìrì fúnra rẹ̀ ni yóò dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́wọ́, kò sì ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa fi lè máa sá òkúta tó ti rẹ̀ sí oòrùn, tí àwọn mìíràn sì ń fi eyín tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n lù ú, kí rédíò lè gbọ́ ìròyìn alẹ́ ọjọ́ yẹn. A kò gbọdọ̀ fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé ooru máa ń mú kí àwọn èròjà inú rẹ̀ yára ṣiṣẹ́, kí ìdènà inú rẹ̀ sì dínkù fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó burú jù tó sábà máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé omi inú òkúta yóò jò, yóò sì ba rédíò jẹ́. Àṣà tó bá ohun èlò ìgbà rẹ̀ mu ni. Ewu dé nígbà tí ohun èlò yí padà tí àṣà kò yí.

3. Bátìrì Lithium

Lithium ni irin tó fúyẹ́ jù lọ, ó sì ń fi tìrọ̀rùntìrọ̀rùn yọ̀ǹda iná mànàmáná tó wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Stanley Whittingham, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Exxon ní Amẹ́ríkà, ṣe bátìrì lithium tó ṣeé gba agbára padà. Ní 1980, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford fi cobalt oxide ṣe ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, fóltéèjì ẹyọ kan sì gòkè dé nǹkan bí 4. Ní 1985, Akira Yoshino ní Jàpáàn yọ irin lithium pọ́nńbélé kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìdí, ó sì fi èròjà oníkábọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sony gbé irú bátìrì yìí sọ́jà ní 1991. Ní 2019, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́mísírì.

Ìyípadà tí Yoshino ṣe kì í ṣe ti ẹwà lásán. Bí a bá ń gba agbára sínú bátìrì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin lithium, irin náà kì í padà sí àyè rẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ó máa ń hù bí ẹ̀gún. Ẹ̀gún yìí lè gún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ya orí kúrò lára ìdí. Bí méjèèjì bá kan ara wọn nínú lọ́hùn-ún, gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ yóò di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, omi inú bátìrì náà sì jẹ́ ohun tó ń jó. Ilé-iṣẹ́ Moli Energy ní Kánádà ta bátìrì onírin lithium fún fóònù alágbèéká ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ní 1989, lẹ́yìn tí ọ̀kan gbiná ní Jàpáàn, wọ́n kó wọn padà kúrò lọ́jà.

Bátìrì tí a ń lò lónìí sàn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù òkúta tọ́ọ̀ṣì. Fóltì 3.7 ni a ń kọ sí ara rẹ̀. Bó bá kún, 4.2 ni. Bí a bá gbà á kọjá ibẹ̀, irin lithium yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí. Bí a bá lò ó títí ó fi lọ sílẹ̀ jù, bàbà tó wà nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Ọjọ́ tí a bá tún gba agbára sínú rẹ̀, bàbà náà lè so orí mọ́ ìdí. Bí ooru bá pọ̀ jù, èròjà inú rẹ̀ yóò máa dá ooru sílẹ̀ fúnra wọn, ooru yóò sì máa bí ooru. Ìdènà inú rẹ̀ kéré pẹ̀lú. Bí ìdènà náà bá jẹ́ 0.05 óòmù, tí wáyà kan sì so orí mọ́ ìdí bátìrì fóltì 3.7, ìṣirò fi hàn pé kọ́rẹ́ǹtì lè sún mọ́ 74 ámpíà. Ìyẹn tó láti sọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹyin iná.

Irú bátìrì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti oṣù Kẹjọ 2001 tí ẹ̀rọ GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ló ti wọ ilé wa lọ́pọ̀ yanturu. BL-5C ti Nokia gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí irú rẹ̀ nínú rédíò kékeré. Ní oṣù Kẹjọ 2007, Nokia kìlọ̀ nípa mílíọ̀nù 46 nínú bátìrì BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita bá wọn ṣe, nítorí pé wọ́n lè gbóná kọjá ààlà nígbà tí a bá ń gba agbára sínú wọn. Ní 2016, Samsung dá fóònù Galaxy Note 7 dúró nítorí bátìrì tó ń gbiná. Bí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ìṣọ́ra ṣe bá lè ṣe báyìí, bátìrì tí a yọ láti inú fóònù tó ti bàjẹ́, tí a kò mọ bí wọ́n ṣe lò ó, gba àkíyèsí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Pátákó Tí Fóltéèjì Rẹ̀ Ń Wálẹ̀

Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Texas Instruments gbé àwọn ṣíìpù 7400 jáde. Fóltì 5 ni wọ́n ń lò, iye yìí sì di àṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú àṣà náà ni Arduino bí sí ní 2005, ní ilé-ẹ̀kọ́ Interaction Design Institute ní ìlú Ivrea, Ítálì. Massimo Banzi, David Cuartielles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ Wiring tí Hernando Barragán ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2003. Arduino Uno tó jáde ní 2010 ń lo fóltì 5, ó sì ní ihò kan tó lè gba fóltì 7 sí 12 láti òde. Rẹ́gúlétọ̀ kan wà lẹ́yìn ihò yìí tó ń sọ ọ́ di 5.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ bí rẹ́gúlétọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: ṣe ló ń sọ fóltì tó ṣẹ́ kù di ooru. Bí a bá fún un ní fóltì 9, tí pátákó sì ń gba 0.05 ámpíà, ooru náà jẹ́ 0.2 wáàtì, kò sí wàhálà. Bí a bá fún un ní 12, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti so ẹ̀rọ mọ́ ọn títí kọ́rẹ́ǹtì fi di 0.2 ámpíà, ooru ti di 1.4 wáàtì. Rẹ́gúlétọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ yóò gbóná débi tí ọwọ́ kò fi ní lè kàn án.

Lẹ́yìn náà ni 5 bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìdí méjì ló fà á. Bí àwọn nǹkan inú ṣíìpù ṣe ń kéré sí i ni ohun tó ya wọn nípá ń fẹ́lẹ́ sí i, kò sì lè fara da fóltì 5 mọ́. Bákan náà, agbára tí ṣíìpù ń jẹ máa ń bá fóltéèjì dínkù ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ṣíìpù tó kúrò ní 5 wá sí 3.3 lè má jẹ ìdajì agbára tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Arduino Due tó jáde ní 2012 ti di 3.3, bí a bá ti fóltì 5 bọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó lè bàjẹ́.

Ní ilẹ̀ Bírítéènì, ilé-iṣẹ́ BBC kéde micro:bit ní oṣù Kẹta 2015, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní 2016 fún nǹkan bí mílíọ̀nù 1 akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11 sí 12. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn ní àyè fún bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Nígbà tí wọ́n fi àṣekágbá rẹ̀ hàn ní oṣù Keje 2015, àyè náà kò sí mọ́. Àpótí bátìrì ọ̀tọ̀ ló rọ́pò rẹ̀, òkúta kékeré méjì ni micro:bit sì ń lò. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ewu bátìrì pẹlẹbẹ kì í ṣe ti pátákó nìkan. Bí ọmọdé bá gbé e mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná inú rẹ̀ yóò sọ omi ara di ohun tó ń jóni bí ọṣẹ sódà, ó sì lè jó ẹran ara láàárín wákàtí 2 péré. Ní 2022, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Reese's Law nítorí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀.

5. Ìkóríta Ìtàn Méjèèjì

A lè wá to iye wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹyọ bátìrì kan kúrò ní 1.5 fóltì, ó dé 4.2. Pátákó kúrò ní 5, ó dé 3.3. Ní ayé òkúta tọ́ọ̀ṣì àti pátákó fóltì 5, ẹyọ bátìrì kan kò lè ba pátákó jẹ́ nípa fóltéèjì, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ti fi orí pe ìdí. Lónìí, ẹyọ kan ṣoṣo tó láti ṣe é.

Ṣíìpù nRF51822 tó wà lórí micro:bit àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ láàárín fóltì 1.8 sí 3.6. Òkúta alkaline méjì tó tẹ̀lé ara wọn jẹ́ 3.0, wọ́n wà láàárín ààlà. Bátìrì lithium kan tó kún jẹ́ 4.2, ó kọjá ààlà. Ohun tó wá sọ ọ̀rọ̀ di ẹlẹgẹ́ ni pé ẹnu wáyà JST kékeré tó wà lára àpótí òkúta náà ló wà lára ọ̀pọ̀ bátìrì lithium tí a ń tà fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ẹnu wáyà bá ihò mu, fóltéèjì kò bá fóltéèjì mu. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ń ta bátìrì wọ̀nyí kò fi ẹnu kò lórí ẹ̀gbẹ́ tí orí yóò wà nínú ẹnu wáyà náà. Bátìrì ilé-iṣẹ́ kan lè fi orí sí ibi tí ti òmíràn fi ìdí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé ohun tó bá ti wọ ihò náà ló yẹ ẹ́ yóò jìn sí kòtò.

6. Ohun Tí Ìtàn Yìí Kọ́ Olùkọ́

(i) Wíwọ̀n ni kí ó ṣáájú síso. Kí olùkọ́ fi mítà wọn fóltéèjì bátìrì, kí ó sì mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, kí ó tó kan pátákó. Kí ó fi iye náà wé ààlà tí olùṣe pátákó kọ sílẹ̀. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà tàbí bí ẹnu wáyà ṣe rí.

(ii) Fún pátákó tó ń lo fóltì 3, òkúta alkaline méjì ni ó rọrùn jù. Fún Arduino Uno, òkúta AA mẹ́fà, tó jẹ́ fóltì 9, sàn ju bátìrì onígun kékeré tó jẹ́ 9 lọ, nítorí pé agbára inú ìyẹn kéré, ó sì ń tètè tán.

(iii) Fún pátákó tó ń gba fóltì 5 láti ihò USB, páwà báǹkì tó dára yẹ, nítorí pé ẹ̀rọ ààbò wà nínú rẹ̀, ó sì ń sọ fóltéèjì lithium di 5. Kí olùkọ́ rántí pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ara wọn bí ohun tí a so mọ́ wọn kò bá gba kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀; èyí kì í ṣe àmì pé pátákó ti bàjẹ́.

(iv) Bó bá di dandan kí a lo bátìrì lithium, ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ wọ́n: ẹ̀rọ ààbò tó ń gé iná bí ó bá kún jù, lọ sílẹ̀ jù tàbí ṣàn jù, rẹ́gúlétọ̀ láàárín òun àti pátákó, àti ṣájà tí a ṣe fún lithium, tó ń dúró ní 4.2. Fíúsì kékeré lára wáyà orí tún ń dín ewu kù.

(v) Bátìrì tó bá ti wú, tó ti tẹ̀, tàbí tó ti kú pátápátá fún ìgbà pípẹ́ kò yẹ ní kíláàsì. A kò gbọdọ̀ gún un, a kò gbọdọ̀ gba agbára sínú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ sá a sóòrùn. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín, kíkó àwọn ọmọ jáde ni àkọ́kọ́, nítorí pé májèlé wà nínú èéfín náà.

Ìtàn kan ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwo Volta ló kọ́ wa ní (i). Ooru rẹ́gúlétọ̀ àti ìdènà inú bátìrì ló wà lẹ́yìn (ii). Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1989, 2007 àti 2016 ló wà lẹ́yìn (iv) àti (v).

7. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ààbò kò dúró sórí bátìrì nìkan tàbí sórí pátákó nìkan, bí kò ṣe sórí bí méjèèjì ṣe bá ara wọn mu. A tún rí i pé àṣà tí a jogún lára òkúta tọ́ọ̀ṣì, bí i sísá sóòrùn àti lílù, lè di ìjàǹbá lọ́wọ́ ọmọ tó ń lo bátìrì fóònù. Àbá wa ni pé kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti orí bátìrì kí wọ́n tó rí pátákó rárá. Kí a gbé òkúta tuntun, òkúta tó ti rẹ̀, bátìrì fóònù tó ṣì dára àti àpótí òkúta méjì síwájú wọn. Kí wọ́n wọn fóltéèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ èyí tó yẹ pátákó fóltì 3.3 àti èyí tí kò yẹ, pẹ̀lú ìdí. Mítà kan ló ń fẹ́, wákàtí kan sì tó fún un.